Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Dókítà Tó Ń Tọ́jú Ìsoríkọ́

Ẹ̀yin dókítà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá àwa aláìsàn. Mo mọ̀ pé èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá wọlé tó ní "dókítà, ó kàn rẹ̀ mí ni, n kò mọ ohun tó ń ṣe mí" máa ń gba àkókò ju ẹni tó fi ojú egbò hàn yín lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mo wá sọ. Nígbà tí ẹ bá ti rí i pé ìsoríkọ́ ló ń ṣe ẹnì kan, tí ẹ sì fẹ́ kọ oògùn fún un, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ kan wà fún àìsàn yìí, pé wọ́n ti dán an wò bí wọ́n ṣe ń dán oògùn wò, àti pé òun náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Cognitive therapy ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. CBT, ìyẹn cognitive behavioural therapy, ni ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n sí.

Àìsàn yìí ti dá èmi alára wólẹ̀ rí. Mo máa ń jí láàárín òru, oorun á sì kọ̀ jálẹ̀, kò ní padà wá mọ́. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu. Mo lè ka ojú ìwé kan ṣoṣo títí ilẹ̀ fi máa ṣú, kí n má mọ ohun tó wí. Dókítà tó rí mi ṣe dáadáa sí mi: ó bi mí ní ìbéèrè tó yẹ, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó sì kọ oògùn tó bá mi lára mu. Oògùn náà gbé mi dìde díẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé kò ṣiṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ní ilé ìwòsàn yẹn, kò sẹ́nì kan tó dárúkọ ìtọ́jú kejì yìí létí mi. Ẹnu ọ̀rẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣé ó yẹ kó jẹ́ pé ẹnu ọ̀rẹ́ ni aláìsàn yóò ti máa gbọ́ nípa ìtọ́jú tó ti wà nínú ìwé ìṣègùn láti ohun tó lé ní 40 ọdún?

Mo fura sí ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn, tó fi mọ́ àwọn dókítà kan, gbà pé ọ̀rọ̀ sísọ kò ju ìmọ̀ràn àti ìtùnú lọ, pé ẹbí, ará àti àwọn olórí ẹ̀sìn lè ṣe ìyẹn fúnra wọn. Ìmọ̀ràn ọ̀hún, ẹni tó ní ìsoríkọ́ ti gbọ́ ọ yó. Ṣe ọkàn rẹ gírí. Má ronú púpọ̀ mọ́. Wo àwọn tí tiwọn burú ju tìrẹ lọ. Ìfẹ́ ni àwọn tó ń sọ ọ́ fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe nínú ọkàn tó ti ń ṣàìsàn: wọ́n ní kí n ṣe ọkàn gírí, mo gbìyànjú, kò ṣeé ṣe, a jẹ́ pé èmi gan-an ni n kò dáa. Ìmọ̀ràn tó yẹ kó gbé èèyàn sókè wá di ẹ̀rí mìíràn tí aláìsàn fi ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ìtọ́jú tí mo ń sọ yìí kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú báyẹn. Iṣẹ́ ni, ó ní ìlànà, ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Dókítà bíi tiyín ló dá a sílẹ̀. Aaron Beck, tí wọ́n bí ní 1921, tó sì kú ní 2021 lẹ́ni 100 ọdún, jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ Freud, oníṣègùn tó dá ìtọ́jú psychoanalysis sílẹ̀, ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ̀kọ́ yẹn sì sọ pé ìbínú tí èèyàn dì sínú, tó wá dojú kọ èèyàn náà fúnra rẹ̀, ló ń di ìsoríkọ́. Beck gbà bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ wá ẹ̀rí tí yóò fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí àlá àwọn aláìsàn. Kò bá ìbínú tó ń wá níbẹ̀. Àdánù ló kún inú àlá wọn, àti ìkùnà, àti kí àwọn èèyàn máa kọ̀ wọ́n sílẹ̀: ohun kan náà tí wọ́n ń rò nípa ara wọn ní ọ̀sán gangan. Obìnrin kan tún wà tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ rẹ̀ fún un nínú ìtọ́jú, tí ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ bó bá ń sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé ọ̀rọ̀ náà ló ń tì í lójú. Ìgbà tí Beck tú u wò dáadáa ló hàn pé ohun tó ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà ni pé ọ̀rọ̀ òun ń sú dókítà.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Beck rí i pé lábẹ́ ohun tí ẹnu ń sọ, èrò kan máa ń sáré kọjá lọ́kàn, a kì í pè é, a kì í sì í bi í ní ẹ̀rí, síbẹ̀ òun ló ń pinnu bí ara yóò ṣe rí. Ní ti ẹni tó ní ìsoríkọ́, ibi mẹ́ta ni èrò yẹn máa ń yà sí: ara rẹ̀ (n kò wúlò), ayé tó yí i ká (kò sẹ́ni tó fẹ́ mi), àti ọjọ́ iwájú (kò lè dáa mọ́). Ní 1961, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ìwé ìbéèrè 21 jáde tí wọ́n fi ń wọn bí ìsoríkọ́ ṣe le tó, èyí tí àwọn kan nínú yín ṣì ń lò. Ní 1977, wọ́n tẹ ìwádìí jáde tí wọ́n ti gbé ìtọ́jú yìí ko imipramine, ọ̀kan lára oògùn ìsoríkọ́ tó gbajúmọ̀ nígbà náà, lójú. Ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ò sì padà sẹ́yìn. Ìwé tí àwọn olùtọ́jú fi ń kọ́ iṣẹ́ náà jáde ní 1979.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe ń rí nínú yàrá náà, nítorí mo fura pé púpọ̀ nínú yín kò rí i rí. Olùtọ́jú mi kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ máa sọ ọ́, mo ń gbọ́." Ó máa ń kọ́kọ́ gba ìwé ìbéèrè tí mo ti dáhùn nípa bí ọ̀sẹ̀ ṣe lọ, á wo iye tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, á fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa bi mí pé kí la fẹ́ fi àkókò òní ṣe. A ó kọ nǹkan kan tàbí méjì sílẹ̀, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló kan iṣẹ́ àṣetiléwá: ṣé mo ṣe é, kí ni mo rí níbẹ̀, bí n kò bá sì ṣe é, kí ló dí mi lọ́wọ́. Kì í bínú bí n kò bá ṣe é. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ yẹn gan-an la máa gbé yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kan, kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé kí n wá rí òun láàárọ̀ ọ̀la. Kò sọ ohun tó fẹ́. Ìgbà tí mo fi máa jókòó, ọwọ́ mi ti tutù. Olùtọ́jú mi fa ìlà sórí ìwé, ó pín in sí òpó-òpó. Ní òpó àkọ́kọ́, ó ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n má fi nǹkan kan kún un: "Ọ̀gá ní kí n wá rí òun láàárọ̀." Ní èkejì, bó ṣe rí lára mi, kí n sì fún un ní nọ́ńbà: ẹ̀rù, 90 nínú 100, ìtìjú, 70. Ní ẹ̀kẹta, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀: "Wọ́n ti mọ̀ pé n kò mọṣẹ́, wọ́n fẹ́ lé mi lọ." Báwo ni mo ṣe gba èyí gbọ́ tó? 95.

Mo ti ń retí kó sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́. Ohun tó ní ni pé, "Kí lẹ rí tó jẹ́ kẹ́ ẹ rò bẹ́ẹ̀?" Mo kọ ọ́ sílẹ̀: iṣẹ́ kan ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín sí mi lánàá. Ó kà á, ó mi orí, ó ní, "Ó dáa. Kí ló wà nílẹ̀ tí kò bá èrò yìí mu?" Ọwọ́ mi dúró. N kò rí ẹyọ kan kọ. Kò bá mi wá a, ó kàn jókòó, ó ń dúró dè mí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé ọ̀gá yìí kan náà ló fi mí ṣe olórí iṣẹ́ kan láìpẹ́ yìí. Pé bó ṣe máa ń pe gbogbo wa nìyẹn, kì í sọ ìdí rẹ̀. Pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ lé níbi iṣẹ́ wa, ọ́fíìsì mìíràn ló ń pè é. Ó tún bi mí pé, "Bí ọ̀rẹ́ yín bá mú ìwé yìí wá bá yín, kí lẹ máa sọ fún un?" Ìdáhùn yẹn ò ṣòro fún mi rárá. Ní òpó tó gbẹ̀yìn, mo kọ èyí tí èmi fúnra mi lè fọwọ́ sí: "N kò tíì mọ ohun tó fẹ́. Ó lè jẹ́ ẹjọ́, ó lè jẹ́ iṣẹ́ tuntun. Bó bá jẹ́ ẹjọ́, mo ní ẹnu tí mo lè fi ṣàlàyé." Ẹ̀rù náà wálẹ̀ sí 50. Pẹ̀lú 50 yẹn, mo rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. N kò ní sọ ohun tí ọ̀gá fẹ́ fún yín, torí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Ká tiẹ̀ ní ẹjọ́ ni, ohun tí mo kọ́ lórí ìwé yẹn ò ní tìtorí rẹ̀ yí padà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ fún mi pé kí n máa ro rere. Àwọn kan ń tan èyí kálẹ̀ pé ohun tí CBT jẹ́ nìyẹn, ó sì ń bí mi nínú, torí irọ́ ni, ó sì ń lé àwọn tí ìtọ́jú náà ì bá ràn lọ́wọ́ sá. Èrò òótọ́ tó burú ń bẹ láyé. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lóòótọ́. Ọkọ tàbí aya ẹlòmíràn ti lọ, kò sì ní padà. Ẹlòmíràn ń gbé àìsàn kiri tí kò ní lọ. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ kò ní bá ẹni náà jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Yóò jẹ́ kó sunkún rẹ̀. Ohun tí wọ́n jọ máa gbé yẹ̀ wò ni ohun tí ìsoríkọ́ so mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà: ó lọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fẹ́ràn mi mọ́ láéláé, iṣẹ́ bọ́, nítorí náà ẹrù lásán ni mo jẹ́ lọ́rùn àwọn ọmọ mi. Àwọn "nítorí náà" wọ̀nyí ló máa ń pa èèyàn. Bí ìṣòro gidi bá sì wà tó ṣeé ṣe nǹkan sí, wọ́n á mú bébà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kéékèèké. Nígbà mìíràn, ìyẹn nìkan ni wọ́n máa fi gbogbo wákàtí náà ṣe.

Apá kejì ìtọ́jú náà kò ní í ṣe pẹ̀lú èrò ní tààrà, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí i dáadáa, torí òun ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìsoríkọ́ máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan: lónìí kò ní lè lọ kí ọ̀rẹ́, lọ́la kò ní lè wẹ̀, bó bá dọ̀túnla, orí bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo rẹ̀ máa parí sí. Bó ṣe ń ṣe kékeré sí i ni inú rẹ̀ ń bàjẹ́ sí i; bí inú rẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ ni agbára àtiṣe nǹkan ń dín kù. Ohun tí olùtọ́jú máa ń ṣe ni pé yóò ní kí aláìsàn kọ bó ṣe ń lo wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, kó fi nọ́ńbà láti 0 dé 10 sọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe dùn mọ́ ọn tó àti bó ṣe rí lára rẹ̀ pé òun ṣe àṣeyọrí tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi àwọn nǹkan kékeré sínú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á dá ọjọ́ àti aago fún un, kò sì ní dúró dìgbà tó bá wù ú kó tó ṣe é. Mo kọ "pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù ní aago mẹ́rin, ọjọ́ Wẹ́sídeè," mo sì kọ àsọtẹ́lẹ̀ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Wọ́n á ní ọwọ́ àwọn dí. Ìgbádùn: 1." A sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo pa 1 yẹn rẹ́, mo kọ 6. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ nígbà àìsàn náà, bóyá ìlà yẹn ló ràn mí lọ́wọ́ jù.

Àwọn olùwádìí ti ya apá yìí sọ́tọ̀ láti mọ̀ bóyá òun nìkan lè wo ìsoríkọ́. Ní 1996, Neil Jacobson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn tó gba apá yìí nìkan gbádùn tó àwọn tó gba odindi ìtọ́jú náà. Ní 2016, ìwádìí kan jáde láti England lára 440 àgbàlagbà tó ní ìsoríkọ́: àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ipò wọn kò ga ni wọ́n kọ́ ní apá yìí nìkan, wọ́n sì fi iṣẹ́ wọn wé ti àwọn tó gboyè nínú CBT. Ti àwọn kékeré yìí kò rẹlẹ̀ sí ti àwọn àgbà, owó tó ná wọn sì kéré.

Mo mọ̀ pé ìtàn ẹnì kan ṣoṣo kì í tẹ́ dókítà lọ́rùn, kò sì yẹ kó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ wo èyí nígbà náà. Ní 2005, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Pennsylvania àti Vanderbilt tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára 240 aláìsàn. Ìsoríkọ́ tiwọn kì í ṣe kékeré: láti ìwọ̀n àárín ni, títí dé èyí tó le gan-an. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, nínú ọgọ́rùn-ún tó lo paroxetine, oògùn ìsoríkọ́ kan, ara 58 ti yá dáadáa. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba ìtọ́jú ọlọ́rọ̀, 58 náà ni. Wọ́n wá tẹ̀ lé àwọn tí ara wọn ti yá fún odindi ọdún kan. Nínú àwọn tí wọ́n dá oògùn wọn dúró, àìsàn náà padà sí ara 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tó ń lo oògùn lọ, 47. Nínú àwọn tó ti parí ìtọ́jú ọlọ́rọ̀, tí wọn ò sì lè rí olùtọ́jú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ mọ́ láàárín ọdún náà, 31. Àárín 47 àti 31 kò jìnnà tó ohun tí èèyàn lè fi búra, ṣùgbọ́n àárín 76 àti 31 jìnnà púpọ̀. Ẹni tó lo oògùn tó sì dá a dúró kò mú nǹkan kan dání lọ sílé; ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ èrò rẹ̀ wò ṣì ní ìmọ̀ náà lọ́wọ́ nígbà tí òkùnkùn náà bá tún fẹ́ ṣú.

Ní 2023, Pim Cuijpers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 409 jọ, tí aláìsàn inú wọn lé ní 52,000. CBT bá oògùn dọ́gba lákọ̀ọ́kọ́, ó sì ṣe jù ú lọ nígbà tó bá di oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Àpapọ̀ méjèèjì dára ju oògùn nìkan lọ. Kí n sì sọ èyí tí kò gbe tèmi: wọn kò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé CBT ta àwọn ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ yòókù tó ní ìlànà yọ. Nítorí náà, bó bá jẹ́ irú mìíràn tí wọ́n ti dán wò ló wà nítòsí yín, ẹ fi aláìsàn ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ má dúró de tèmi.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín báyìí. Àkókò dà? Wákàtí kọ́ ni mo ń tọrọ, ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ni. Olùtọ́jú dà? Òótọ́ ni, wọn kò pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó ju mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ tí kì í rí ìtọ́jú kankan gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní ìgbèríko Pakistan. Atif Rahman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, tí kò sí dókítà tàbí onímọ̀ ìrònú kankan láàárín wọn, wọ́n kọ́ wọn ní ìpìlẹ̀ ìtọ́jú yìí, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lò ó nígbà tí wọ́n bá ń lọ wo àwọn aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ tí ìsoríkọ́ mú. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, nínú ọgọ́rùn-ún ìyá tó gba ìtọ́jú náà, 23 ni ìsoríkọ́ ṣì wà lára wọn. Nínú àwọn tí òṣìṣẹ́ kàn ń bẹ̀ wò lásán láìlo ìlànà yìí, 53 ni. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ìlànà náà di ìwé tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wà lọ́dọ̀ yín lè kọ́ ọ. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò déédéé, kí ẹ sì fún un ní yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì.

Àwọn kan nínú yín á ní aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ oògùn. Ẹ ti bi í? Ìwádìí tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2013 rí i pé nígbà tí wọ́n fún àwọn èèyàn láǹfààní láti yàn, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló yan ọ̀rọ̀ ju oògùn lọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà mi kó wá da oògùn rẹ̀ nù. Ẹni tó bá ń lo oògùn ìsoríkọ́ tó sì fẹ́ dá a dúró, ọ̀dọ̀ yín ni kó wá, kẹ́ ẹ dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀, torí ẹni tó já a lójijì lè rí ìyọnu. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ẹni tí kò jẹun tí kò mumi mọ́, ẹni tó ti ń gbèrò bó ṣe máa gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ìwé àti bíròó kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ gbé fún un. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí inú rẹ̀ ti máa ń dùn kọjá ààlà rí, tí kì í sùn fún ọjọ́ púpọ̀ tí kì í sì í rẹ̀ ẹ́, irú àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀, oògùn ló sì ń ṣáájú níbẹ̀. Ẹ máa bá wa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí bí ẹ̀yà ara kan ní ọrùn tó ń jẹ́ thyroid bá ń ṣiṣẹ́ lọ́ra jù, ó máa ń fara jọ ìsoríkọ́ gan-an. Èyí tẹ́ ẹ̀yin nìkan lè ṣe nìyẹn, kò sì sí olùtọ́jú ọlọ́rọ̀ tó lè gbà á lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá ti fi èèyàn ránṣẹ́, ẹ bá wa ṣọ́ ibi tẹ́ ẹ rán an lọ. Ìwádìí 2005 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi hàn pé ìrírí olùtọ́jú ṣe pàtàkì: ní ọ̀kan nínú yunifásítì méjèèjì, oògùn ṣe dáadáa ju ọ̀rọ̀ lọ, àwọn tó ṣe ìwádìí náà sì sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìrírí àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ kò tó ti ìkejì. Àwọn kan wà tó kọ CBT sí ẹnu ọ̀nà wọn, ìwàásù ni wọ́n ń ṣe nínú ilé. Ẹ bi aláìsàn yín nígbà tó bá padà wá: ṣé ẹ jọ ń pinnu ohun tẹ́ ẹ máa sọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń fún yín ní iṣẹ́ ṣe nílé, ṣé ó sì ń bi yín léèrè rẹ̀? Ṣé ó ń fi ìwé ìbéèrè wọn bí ara yín ṣe ń ṣe, irú bíi PHQ-9 tí ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án? Ṣé ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ jù ni àbí òun? Ìtọ́jú náà kì í sábà ju ìpàdé 12 sí 20 lọ. Bó bá ti tó oṣù méjì tí nọ́ńbà inú ìwé náà kò mì rárá, nǹkan kan gbọ́dọ̀ yí padà: olùtọ́jú ni o, oògùn ni o, tàbí kí ẹ tún àìsàn náà wò látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aláìsàn gbà pé òun ló kùnà nínú ìtọ́jú, torí ibẹ̀ gan-an ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ sá lọ.

Bẹ́ ẹ bá ń wá gbólóhùn tẹ́ ẹ máa sọ fún ẹni tó jókòó síwájú yín, ẹ lè lo èyí, mo fi ta yín lọ́rẹ: "Orúkọ àìsàn tó ń ṣe yín ni ìsoríkọ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe yín. Oògùn wà fún un, mo sì lè kọ ọ́ fún yín. Ìtọ́jú kan tún wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é, ó ń ṣiṣẹ́ tó oògùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àǹfààní rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lára. Ẹ lè gba ọ̀kan, ẹ lè gba méjèèjì. Èwo lẹ fẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀?" Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ olùtọ́jú náà àti nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé fún un, torí bẹ́ ẹ bá fẹnu sọ ọ́ lásán, kò ní rántí rẹ̀ tó bá fi máa dé ilé. Bó bá ṣeé ṣe, kí nọ́ọ̀sì yín bá a pe nọ́ńbà náà kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, torí ẹni tó ń ṣàìsàn yìí lè tẹjú mọ́ fóònù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìlè tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kà á dé ibí.

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn yín tí ara rẹ̀ ti yá